Ẹ kun odidi bébà kan kẹ́ ẹ tó gé e: bí a ṣe ń fi íǹkì àti ọ̀dà ṣe káàdì àti táàgì

Ohun tó máa ń kó ìpayà bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ ṣe káàdì ni pé ó ti ṣẹ́ káàdì rẹ̀ po, ó ti gbé e síwájú, ó wá ń wò ó níran, kò mọ ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Àyè tó wà níwájú rẹ̀ kéré, bí íǹkì bá sì kán síbi tí kò fẹ́, káàdì bàjẹ́ nìyẹn. Èmi ò fara mọ́ ọ̀nà yẹn. Ẹ má tíì ronú káàdì rárá. Ẹ mú odidi bébà A4 kan, kẹ́ ẹ da íǹkì, ọ̀dà àti oríṣiríṣi nǹkan lé e lórí bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wá gé e. Lára bébà kan ṣoṣo yìí, ẹ óò rí ojú káàdì méjì àti táàgì mẹ́rin. Ibi tí kò bá dáa, ẹ lè fò ó, iye tẹ́ ẹ máa rí ló kàn máa dín kù.

Táàgì tí mo ń sọ ni ègé páálí gbọọrọ tí a lu ihò sí lórí, tí a ń fi okùn so mọ́ ẹ̀bùn, tàbí tí a ń fi sáàárín ìwé ká lè mọ ibi tá a kà á dé.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Bébà ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Bébà ìtẹ̀wé lásán, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan, kò lè gba omi. Ó máa wú, ó máa hunjọ, ó sì máa ya bẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì rà á lẹ́ẹ̀kejì. Bébà watercolour tó jẹ́ gíráàmù 300 ni kẹ́ ẹ wá. Tí kò bá sí, páálí funfun tó tó gíráàmù 250 máa ṣeé lò, bẹ́ ẹ bá ti fi gesso (ọ̀dà funfun tí a kọ́kọ́ ń kùn sábẹ́ àwọn yòókù) kùn ún níwájú lẹ́yìn.

Lẹ́yìn bébà, ẹ wá gesso funfun, ọ̀dà acrylic funfun àti òmíràn tó ń dán bíi wúrà, íǹkì aláwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, íǹkì dúdú tí omi kì í ṣí, gọ́ọ̀mù funfun, tíṣù, àkísà, ìgò kékeré tó ń fọ́n omi, ègé fóòmù, búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, àti káàdì oníke kan tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, irú èyí tí báǹkì ń fúnni. Nínú gbogbo irinṣẹ́ yìí, káàdì oníke yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń tẹ́ ọ̀dà, ó ń há a kúrò, ẹ sì lè ti etí rẹ̀ bọ íǹkì kẹ́ ẹ fi tẹ ìlà tó gún régé. Ẹ má sì torí pé wọ́n kó ogójì àwọ̀ íǹkì sínú àpótí kan kẹ́ ẹ lọ rà á. Àwọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ mọ ìwà wọn ṣàǹfààní jù ú lọ.

Gesso ló ń ṣíwájú

Gesso jẹ́ ọ̀dà acrylic tí wọ́n po ohun lúbúlúbú funfun bíi ẹfun mọ́. Kì í jẹ́ kí bébà mu íǹkì ní àmuyó, ó sì ń jẹ́ kí ojú bébà rí hárahàra díẹ̀, kí ọ̀dà tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ da díẹ̀ sójú bébà, kẹ́ ẹ fi káàdì oníke fà á kiri. Ẹ má jẹ́ kó dọ́gba. Kó nípọn níbì kan, kó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, kí ibì kan sì wà tí kò kàn rárá. Ìdí rèé: tí íǹkì bá bọ́ sórí bébà tí kò ní gesso, inú ló ń wọ̀ lọ, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Tó bá bọ́ sórí gesso, òkè ló máa wà, ẹ sì lè fi àkísà tútù nù ún títí yóò fi ku ìwọ̀nba tó há sínú ipa tí káàdì oníke fà sílẹ̀. Íǹkì kan náà lẹ lò, àmọ́ ó dúdú níhìn-ín, ó rọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì di ìlà wínníwínní níbi kẹta. Ẹ ò yà á; òun ló ya ara rẹ̀.

Bébà máa ká bí gesso ṣe ń gbẹ. Ẹ má dààmú. Tójú rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ fi gesso fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn náà ṣe ń súnkì, yóò fa bébà padà kó lè tẹ́.

Ohun tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà

Èyí tó rọrùn jù ni tíṣù. Ẹ fi ọwọ́ ya á (ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e, etí tó gún máa ń hàn ju bó ṣe yẹ lọ), ẹ rún un mọ́wọ́, kẹ́ ẹ tún tú u. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi kun bébà, ẹ gbé tíṣù náà lé e, kẹ́ ẹ wá fi ìka tì í kó lè hunjọ. Ẹ tún kun gọ́ọ̀mù lé e lórí. Tó bá gbẹ, á le gan-an, gbogbo ìhunjọ rẹ̀ á sì dúró bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni modelling paste, ọ̀dà tó ki tí a ń gba ojú stencil (ike tàbí páálí tí wọ́n gé bátànì sí lára) tẹ́ sórí bébà. Tí ẹ ò bá rí i rà, ẹ po pọ́ńdà talc ìwọ̀n méjì, gọ́ọ̀mù funfun ìwọ̀n kan àti ọ̀dà acrylic funfun ìwọ̀n kan. Tó bá ń ṣàn, ẹ fi pọ́ńdà kún un. Ẹ fi téèpù mú stencil kó má yẹ̀, ẹ dagun káàdì oníke díẹ̀, kẹ́ ẹ fi wọ́ ọ̀dà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá ń lọ tẹ́ ẹ ń bọ̀, á yọ́ wọ abẹ́ stencil, bátànì á sì dàrú. Ẹ gbé stencil sókè tààrà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú omi lójú ẹsẹ̀, nítorí pé acrylic tó bá ti gbẹ kò gbọ́ ti omi mọ́.

Kó má nípọn ju mílímítà 2 lọ, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Wọ́n á gbé ohun tó ń fẹ́ ooru sún mọ́ ọn, òkè á gbẹ, inú á ṣì tutù, ọ̀dà á wá wú bí ara tí iná jó.

Íǹkì

Ẹ mọ irú íǹkì tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó ṣí i. Íǹkì dye ń wọ inú bébà, ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá, omi sì ń tú u. Oòrùn náà máa ń ṣá a, nítorí náà, káàdì tẹ́ ẹ fi í ṣe kò gbọ́dọ̀ wà lójú fèrèsé. Íǹkì pigment ń dúró lókè bébà, ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì ń bo nǹkan. Íǹkì ọlọ́tí kò bá bébà yìí ṣe rárá. Ojú tó ń dán tí kì í mu omi ló wà fún, ó máa ń gbaná, òórùn rẹ̀ sì lágbára, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, kó má sì lò ó nítòsí iná. Íǹkì dye la máa lò níhìn-ín.

Ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù kan sílẹ̀. Ẹ tẹ páàdì íǹkì mọ́ ọn lójú bíi mélòó kan, tàbí kẹ́ ẹ kán íǹkì inú ìgò sí i, kẹ́ ẹ fọ́n omi sí i títí íǹkì á fi máa ṣùjọ róbótóróbótó. Ẹ wá da ojú bébà dé e, ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tún dà á dé èyí tó ṣẹ́ kù. Tí ìpele kan bá ti gbẹ kí òmíràn tó dé, ẹ máa rí àwọ̀ méjèèjì, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lókè. Tí wọ́n bá pàdé ní tútù, wọ́n á di ọ̀kan ṣoṣo. Aró àti yẹ́lò tó pàdé ní tútù dára, àwọ̀ ewé ni wọ́n máa bí. Àmọ́ aró àti àwọ̀ ọsàn, tàbí pupa àti àwọ̀ ewé, ẹrẹ̀ lásán ló máa ń di. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ fọ́nfọ́n.

Tí íǹkì bá gbẹ tán, ẹ fi ìka ta omi sí i, ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún. Gbogbo ibi tí omi kán sí á ṣí, á di òrùka tí àárín rẹ̀ mọ́, tí etí rẹ̀ sì dúdú, nítorí omi ti ti íǹkì lọ sí bèbè. Iyọ̀ oníhóró ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́: ẹ wọ́n ọn nígbà tí íǹkì ṣì ń dán ní tútù. Hóró kọ̀ọ̀kan á máa fa omi àti àwọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ má gbọn ọ́n kúrò àfi tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ. Ẹni tó bá ní àbẹ́là lè fi ya ìlà sórí bébà tí kò ní gesso kí íǹkì tó dé; omi ò ní wọ ibẹ̀.

Dúdú, funfun àti wúrà

Tó bá kù báyìí, bébà á rí bí ohun tí àwọ̀ rẹ̀ rọ̀ jù, tí ojú kò rí ibi dúró sí. Òǹtẹ̀ dúdú ló ń tún un ṣe. Ẹ fi abẹ gbẹ́ írésà, tàbí kẹ́ ẹ bó òkè páálí tó ní pòpó nínú kẹ́ ẹ fi tẹ ìlà, tàbí kẹ́ ẹ wé òwú mọ́ ègé igi kan. Íǹkì tí omi kì í ṣí ni kẹ́ ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà funfun olómi tẹ́ ẹ máa ta lé e lẹ́yìn náà á fà á kiri. Òǹtẹ̀ kò ní hàn tán lórí ibi tó rí gbágungbàgun. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó dáa ju èyí tó pé pérépéré lọ. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ọ̀kan ní igun kan, méjì ní igun míì, ó tó.

Ẹ po acrylic funfun mọ́ omi, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò fa irun rẹ̀ sẹ́yìn kó lè ta wínníwínní. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí bébà míì, torí pé àkọ́kọ́ ló máa ń kán tóbi jù.

Wúrà ló gbẹ̀yìn. Ẹ fi orí ìka kan ọ̀dà wúrà, ẹ nù ún dànù sára àkísà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kẹ́ ẹ wá fi ìka náà ra tíṣù àti paste yẹn lórí láìtẹ̀ ẹ́. Orí ibi tó ga nìkan ló máa gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì lè ṣe é, àmọ́ ìka mọ ibi tó ga ju búrọ́ọ̀ṣì lọ.

Gígé

Ẹ gé fèrèsé méjì sára bébà funfun: ọ̀kan mílímítà 95 sí 138 fún káàdì, ìkejì mílímítà 50 sí 120 fún táàgì. Ẹ máa gbé fèrèsé náà kiri ojú iṣẹ́ yín, ẹ yí i síbí, ẹ yí i sọ́hùn-ún. Ibi tẹ́ ẹ rò pé ó bàjẹ́ lè wá di èyí tó dùn ún wò jù nígbà tí fèrèsé bá yà á sọ́tọ̀. Kí káàdì méjì lè jáde, ẹ mú wọn láti ìdajì A4 kan, kí táàgì mẹ́rin wá láti ìdajì kejì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí igun, kẹ́ ẹ fi abẹ tó mú àti rúlà onírin gé e. Níbi tí paste bá wà, ẹ má fipá gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kó má bàa sán. Etí tẹ́ ẹ gé á funfun báláú. Ẹ fi fóòmù tó ní íǹkì dúdú díẹ̀ ra á yíká.

Káàdì

Ẹ gé páálí A4 tó jẹ́ gíráàmù 200 sí 250 sí méjì, ọgbọọgba. Ìdajì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, á di A6, mílímítà 105 sí 148, èyí tó ń wọ àpòòwé C6. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ, ẹ rọra tẹ páálí náà lọ́nà méjèèjì: ibi tó ti rọrùn láti tẹ̀ ni iṣan rẹ̀ (ọ̀nà tí fọ́nrán inú páálí tò sí) ń gbà. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ tẹ̀lé iṣan, kò ní la. Ẹ fi báírò tí íǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà ìṣẹ́po náà, kí kòtò tó fà wà níta nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá gbé ojú káàdì tẹ́ ẹ gé lé e, mílímítà 5 á ṣẹ́ kù yíká. Téèpù olójú méjì ló dáa jù fún èyí, kò ní omi tó lè mú páálí ká. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù funfun lẹ ní, ẹ fi tín-ín-rín, kẹ́ ẹ gbé ìwé wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ẹ fi bébà baking (èyí tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́) sáàárín, torí pé ọ̀dà acrylic máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a bá tẹ̀ mọ́ ọn.

Táàgì

Ẹ gé igun òkè méjèèjì dagun, sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò sáàárín, sẹ̀ǹtímítà kan sísàlẹ̀ etí òkè, kẹ́ ẹ lẹ òrùka páálí kékeré yí i ká kí okùn má fà á ya. Ẹ ká okùn sí méjì, ẹ ti orí rẹ̀ bọ ihò, kẹ́ ẹ fa ìdí rẹ̀ méjèèjì gba inú orí náà kọjá. Báírò kì í fẹ́ kọ dáadáa lórí gesso, nítorí náà, ẹ lẹ bébà lásán mọ́ ẹ̀yìn táàgì kẹ́ ẹ lè rí ibi kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi káàdì náà ránṣẹ́, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tì í bọ àpòòwé, kí gbágungbàgun rẹ̀ má há mọ́ inú. Bébà A4 yẹn á sì ti ku tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú káàdì, ọ̀kan mọ́ ìdérí àpòòwé, kí ẹni tó gbà á lè rí i pé ara iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti wá.