Nígbà tí oníbàárà bá ń rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí ìkànnì rẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti dá àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn títí ó fi sú mi, nítorí náà ni mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀.

Mo ti fi bọ́tìnnì "Pa á rẹ́" pamọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá. Báwo ló ṣe ṣì ń rí nǹkan pa rẹ́?

Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì tí bọ́tìnnì náà ń ránṣẹ́ sí kò nílò bọ́tìnnì. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì rẹ, ni kó yẹ àṣẹ wò.

Gbogbo ènìyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Ṣé kò tó ni?

Kò tó. Ọ̀rọ̀ aṣínà ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, kì í sọ ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí. Àìṣedéédéé yìí, pé ìkànnì kò yẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn wò, ni OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò ìkànnì, fi sí ipò kìíní nínú àtẹ ewu rẹ̀ ní 2021. Ipò karùn-ún ló wà ní 2017.

Ṣé kí n fi ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn tí kò ṣeé méfò rọ́pò nọ́ńbà inú àdírẹ́sì?

Ó dára kí o ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fi línkì ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, ẹni tó bá sì rí i gbà ti wọlé nìyẹn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ léra ni First American, ilé iṣẹ́ adójútòfò ilé àti ilẹ̀, lò ní Amẹ́ríkà: ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 885 ìwé ló wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá yí nọ́ńbà padà, láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà kankan.

Mo ti fi àyẹ̀wò sí i, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ráhùn.

Èyí ló gba oorun lójú èmi náà. Ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan ni, tí àdírẹ́sì ìwé gbèsè ibẹ̀ rí báyìí: /omo-egbe/112/gbese/9083. 112 ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, 9083 ni ti gbèsè. Ìyá kan kígbe pé gbèsè tí òun kò jẹ rí ni òun ń wò. Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí 112, mo yí 112 sí 113, sáfà sì fi 403, ìyẹn "o kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i", lé mi padà. Mo ní ìyá náà ló ṣì í wò. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹlòmíràn tún mú ẹjọ́ kan náà wá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń yí ní gbogbo àkókò yìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi 112 sílẹ̀ bó ṣe wà, mo yí 9083 sí 9084, gbèsè ẹlòmíràn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, tòun ti orúkọ àwọn onídùúró rẹ̀. Kóòdù mi ń béèrè bóyá èmi ni 112. Kò béèrè rí bóyá 112 ló ni 9083. Àwọn méjèèjì tó ráhùn kò yí nǹkan kan padà: akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ṣi nọ́ńbà gbèsè tẹ̀ nínú línkì tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "mú gbèsè 9083 wá" di "mú gbèsè 9083 wá, bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó wọlé yìí", inú sẹ́ṣàn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọlé tí sáfà ń tọ́jú, ni a sì ti ń mọ ẹni tó wọlé, kì í ṣe inú àdírẹ́sì. Àkáǹtì méjì ni mo fi ń dán nǹkan wò báyìí, gbogbo nọ́ńbà tó bá wà nínú àdírẹ́sì ni mo sì ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà wo ni kí n pe amòye?

Bí owó tàbí ìwé ìlera bá wà níbẹ̀, pè é kí o tó ṣí ìkànnì náà fún ará ìta. Bí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá sì ti jò tán, tí ó lè kó wọn sí ewu, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún ọ ní wákàtí 72, láti ìgbà tí o bá ti mọ̀, láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí.