Wọ́n ní kí o wá ya fọ́tò ìkómọ: bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sanwó fún

Ọkàn ẹni tó ń ya fọ́tò ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń balẹ̀. Bó dára, wọ́n á kí i; bí kò dára, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀, ó tán. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá béèrè pé "Èló lẹ máa gbà?" ni ara máa ń gbọ̀n. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn nígbà àkọ́kọ́, láti ẹnu ìyá ìkókó kan n'Íbàdàn. Mo dákẹ́ títí tó fi ní, "Hẹ́lò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi ṣá?"

Ìkómọ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Fún ìgbéyàwó, ẹni tó ti lórúkọ làwọn èèyàn ń wá. Fún ìkómọ, ẹni tó wà nítòsí tí owó rẹ̀ ò wọ́n ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n má fojú kékeré wò ó. Àárọ̀ kùtù ni, nínú pálọ̀ tó kún fọ́fọ́, pẹ̀lú iná tí kò tó, ìkókó tó ń sùn tàbí tó ń ké, àti àdúrà tí ẹnikẹ́ni ò ní tún gbà torí pé kámẹ́rà rẹ ò tíì ṣetán.

Wádìí ọ̀rọ̀ kí o tó dárúkọ owó

Kí wọn ná. "Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi." Ẹni tó bá fi iye owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á dà bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìyá ọkọ ló gbé fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè: ọjọ́ wo, aago mélòó, àdúgbò wo, ta ló máa darí ètò, ṣé wọ́n máa ṣe àríyá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló kan àpò rẹ jù. Ìsọmọlórúkọ lè má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, àmọ́ tí wọ́n bá ti ta kánópì sójú títì, tí DJ sì ti dé, iṣẹ́ méjì nìyẹn, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí o tó kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń darí ètò ṣe kókó. Tó bá jẹ́ àáfà, béèrè ibi tí o lè dúró sí, kí o sì bi àwọn òbí bóyá wọ́n fẹ́ fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń pa àgbò. Tó bá jẹ́ pásítọ̀, ó ṣeé ṣe kó gbé ọmọ sókè nígbà tó bá ń gbàdúrà. Kì í pẹ́ rárá. Iwájú ló yẹ kó ti bá ọ. Tó bá jẹ́ àgbà ilé ló máa fi oyin, iyọ̀, obì àti orógbó wúre fún ọmọ, iṣẹ́ rẹ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun ló dùn ún yà jù. Màá padà síbẹ̀.

Ó wá ku owó. Má bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí àwọn yòókù ń gbà. Kọ ohun tí ìwọ máa ná sílẹ̀: owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, lẹ́ńsì tí o máa yá, epo jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ tí o máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, dátà tí o máa fi kó fọ́tò ránṣẹ́, àti owó títẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fọ́tò tó ṣeé fọwọ́ mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó ka wákàtí rẹ. Wákàtí mẹ́ta níbi ìkómọ lè di mẹ́jọ nídìí kọ̀ǹpútà. Gba àsansílẹ̀ tó ju ìdajì lọ. Bí ẹ bá fẹnu kò sí ₦60,000, jẹ́ kí ₦40,000 ti wọ àkáǹtì rẹ kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn ìkómọ, owó máa ń gbẹ lọ́wọ́ àwọn òbí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ ọ́ ní gbèsè. Ẹran àti ìrẹsì ti gbé e lọ ni.

Kọ gbogbo àdéhùn sórí WhatsApp, kó má ju ìlà márùn-ún lọ: ọjọ́, àkókò, iye owó àti èyí tí wọ́n ti san, iye fọ́tò tí wàá tún ṣe, ọjọ́ tí wọ́n máa rí i gbà. Ní kí wọ́n fèsì pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kọ ọ́ náà. Àárín ojúlùmọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ owó ti máa ń dìjà.

Ohun tí wàá gbé lọ

Má ra kámẹ́rà tuntun nítorí iṣẹ́ yìí. Èyí tí ọwọ́ rẹ ti mọ́ ni kí o gbé. Tí owó bá wà, fi yá lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì 18-55mm tó máa ń bá ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wá dára ní ìta gbangba, ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó. Wá èyí tó lè ṣí dé f/1.8 (bí nọ́ńbà ara f yìí bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó). 50mm ló wọ́pọ̀ jù, àmọ́ tí sensor kámẹ́rà rẹ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀) bá jẹ́ irú èyí tó kéré, 50mm á mú ojú ìkókó dáadáa, kò sì ní gba gbogbo àwọn ìyá tó jókòó sórí àga gígùn. 35mm ló máa bá irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Bátìrì méjì, ó kéré tán, kí o sì ti ṣáàjì wọn láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Èmi ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi sọ pé màá ṣáàjì lálẹ́. Wọ́n mú iná lọ ní aago méje, wọn ò dá a padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Bátìrì kan ṣoṣo ni mo gbé dé ìkómọ, kò sì sí nǹkan púpọ̀ nínú ẹ̀. Mò ń pa kámẹ́rà, mò ń tàn án, bí awakọ̀ tó ń ṣọ́ epo jẹ. Ìgbà tí ìyá àgbà ti ìka bọ oyin, tó fi kan ọmọ lẹ́nu, tí ọmọ náà yọ ahọ́n tó ń lá a, pípa ni kámẹ́rà mi wà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, ibẹ̀ náà ló mọ.

Mẹ́mórì káàdì náà, méjì ni. Tí o bá ń yà ní RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), tí fọ́tò kan ń gba bíi 25MB, káàdì 32GB á gba ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀. Ó tó, ṣùgbọ́n káàdì lè bàjẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà pààrọ̀ rẹ̀ tí ètò bá dé ìdajì. Wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, torí wọ́n lè ní kí o bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ kí o tó kúrò nílé bóyá ó ti lu. Mi ò ṣàwàdà.

Lọ wo ilé náà ṣáájú

Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí ètò máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ní ọ̀sán á rí ìmọ́lẹ̀ tí kò ní sí níbẹ̀ láàárọ̀. Wo ojú fèrèsé, wo àjà, wo ọ̀dà ara ògiri. Tí àjà bá funfun, kọjú fláàṣì sókè, ìmọ́lẹ̀ á ta padà wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sára gbogbo èèyàn. Tí àjà bá jẹ́ pákó tó ti dúdú, fláàṣì rẹ ò ní rí nǹkan kan ta padà. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà ewé kùn á sọ ojú àwọn tó jókòó tì í di ojú aláìsàn. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé tábìlì àti àga ìyá ọmọ súnmọ́ fèrèsé. Mi ò tíì rí òbí tó kọ̀, tí o bá ti ṣàlàyé pé ojú ọmọ ló máa mọ́lẹ̀.

Ohun tó máa ń ta àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nù jù ni léèsì funfun. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá ọmọ lè wọ funfun látòkè délẹ̀, kí ọmọ náà sì wà nínú ṣọ́ọ̀lù funfun. Kámẹ́rà á rí gbogbo funfun yẹn, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì fà á sílẹ̀. Léèsì á wá di eérú, ojú ìyá ọmọ á di dúdú tí èèyàn ò ní rí ẹ̀rín ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí o fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ, tàbí kí o fi exposure (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò ń gbà) kún un díẹ̀, bíi +2/3 sí +1. Lẹ́yìn náà, fa fọ́tò náà tóbi lójú kámẹ́rà, wò ó bóyá o ṣì ń rí ihò ara léèsì. Tí o bá rí ihò, tí o rí ojú, dúró síbẹ̀.

Má jẹ́ kí shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣẹ́jú) lọ sílẹ̀ ju 1/125 ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí àwọn èèyàn bá ń rìn. Gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó) sókè dé 3200 tó bá pọn dandan. Fọ́tò tí ISO gíga fún ní hóró bí iyanrìn ṣeé tún ṣe. Èyí tó ti mì, ó ti lọ. Má sì tan fláàṣì sójú ìkókó tààrà. Ìyá àgbà ò ní gbà fún ọ.

Kọ́ bí ètò ṣe ń lọ

Fi àwo kan dánra wò nílé. Gbé iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare àti omi sétí fèrèsé, kí o ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ọ́n. Lọ́jọ́ ètò, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wúre lé e, wọ́n á fi kan ọmọ tàbí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á wá gbé e yí àwọn tó jókòó ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya ibi tí wọ́n ti gbé àwo sókè. Ìgbà tí ìka bá kan ẹnu ni fọ́tò wà. Fetí sí àdúrà náà. "Àṣẹ" tàbí "àmín" ló máa sọ fún ọ pé ó ti kù díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ: àwọn ẹbí á máa fi owó sínú abọ́, wọ́n á máa dárúkọ tí wọ́n fún ọmọ. Kúnlẹ̀ sí iwájú abọ́ náà. Ojú á dọ́gba pẹ̀lú ojú, o ò sì ní dí àwọn àgbà lójú.

Ní kí wọ́n fún ọ ní àǹtí kan tó mọ gbogbo ẹbí. Òun ni yóò máa pe "Ẹbí ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí." Tí ìwọ tí wọn ò mọ̀ bá ń pariwo, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Tí àwọn oní-wait-and-get bá dé, tí wọ́n ń yà wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn àlejò lójú ẹsẹ̀, má bá wọn jà. Àlejò ni ọjà tiwọn, ẹbí ni tìrẹ.

Nígbà tí o bá délé

Kó fọ́tò síbi méjì kí o tó jẹun. Má pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì títí wọ́n á fi gba fọ́tò wọn. Fi mélòó kan ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí wọ́n fẹ́ gbé e sí status. Èyí tó kù, fi ránṣẹ́ bíi document tàbí kí o kó o sí Google Drive, nítorí WhatsApp máa ń dín bí fọ́tò ṣe mọ́ kù. Má gbé ojú ọmọ sórí Instagram rẹ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí.

Tẹ fọ́tò ìyá àgbà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ẹyọ kan péré, kí o fi ṣe èènì. Mo ṣe é fún ìyá àgbà ọjọ́ oyin yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mò ń gbé e lọ, torí mo mọ èyí tí mi ò rí yà. Mama gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre fún mi. Wọ́n wá tún un wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo lo gbé ẹsẹ̀ mi sí?"