Bí a ṣe ń fọwọ́ yí gíà nínú ọkọ̀ ọtọmátíìkì

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọtọmátíìkì ló ní M, S tàbí àmì + àti − lẹ́gbẹ̀ẹ́ D, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò sì fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ wọn. Àwọn mìíràn rò pé eré àsápajúdé ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń yan gíà fún yín kò lójú ni. Ó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, ó mọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó lórí pẹ́dáàlì epo, ó mọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn wà lẹ́yìn kọ́nà iwájú. Ẹ̀yin lẹ rí i. Nígbà tí ojú yín bá ti rí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ nìkan ni ọwọ́ yín níṣẹ́ lórí gíà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ sí D.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín

Nínú àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni P, R, N, D, lẹ́yìn náà 3, 2, L, tàbí 2 àti 1. Òpin ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Tí ẹ bá fi í sí 3, ọkọ̀ á ṣì máa yí gíà kìíní, kejì àti kẹta fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ìkẹta. L máa ń dì í mọ́ gíà kìíní.

Bọ́tìnì kékeré tó wà lára ọ̀pá gíà àwọn ọkọ̀ yìí, tí wọ́n kọ O/D (overdrive, ìyẹn gíà tó ga jù) sí, ló ń ru èèyàn lójú jù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná “O/D OFF” á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ti ti gíà tó ga jù pa. Nínú ọkọ̀ onígíà 4, ìkẹrin nìyẹn. Àwọn kan rí iná náà, wọ́n rò pé ohun tó dára ni wọ́n tàn, wọ́n sì ń bá a lọ ní ọ̀nà márosẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń pariwo, epo ń tán. Ní ìrìn ojoojúmọ́, kò yẹ kí iná yẹn máa tàn.

Ọkọ̀ tó ní M pẹ̀lú + àti − yàtọ̀: ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń yan gíà níbẹ̀, + ń gbé e sókè, − ń sọ ọ́ kalẹ̀. Porsche ló sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ní nǹkan bí ọdún 1990, tí wọ́n pè é ní Tiptronic, kí àwọn iléeṣẹ́ yòókù tó gbà á. Ẹ máa rọ ọ̀pá gíà láti D sí ẹ̀gbẹ́ kan, nọ́ńbà á sì yọ ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, títì í síwájú ni +, fífà á sẹ́yìn ni −. BMW àti Mazda kọ̀ǹdà rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: iwájú ni gíà ti ń wálẹ̀, ẹ̀yìn ló ti ń gòkè. Ẹ wo àmì tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò lójú kan, torí ẹni tó fẹ́ gíà kẹrin tó wá tì í sí ìkejì á mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ọkọ̀ kan tún ní ewé kéékèèké méjì lẹ́yìn sítíárìn. Tọwọ́ ọ̀tún ni +, tọwọ́ òsì ni −. Tí ẹ bá fà á nígbà tí ọkọ̀ wà ní D, kọ̀ǹpútà á gbà fún yín fún ìgbà díẹ̀, á sì tún gba iṣẹ́ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ dúró dè é, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ fa ewé + mọ́ra bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á padà sí D.

S ni ẹ ní láti fura sí. Nínú Toyota àti Lexus púpọ̀, S4 kò túmọ̀ sí pé ẹ wà ní gíà kẹrin. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ lè lo gíà kìíní dé ìkẹrin. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, S kàn ń jẹ́ kí gíà pẹ́ kí ó tó yí ni, kò sí ohun tí ọwọ́ yín á ṣe níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ bọ́ sí 4 nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kí ẹ wá rọra dúró pátápátá. Tí nọ́ńbà bá fúnra rẹ̀ wálẹ̀ sí 1, gíà gan-an ló ń fi hàn yín. Tí ó bá dúró sórí 4, òpin ló ń sọ.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ CVT, kò sí gíà kankan nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Bẹ́líìtì kan ló wà láàárín púlì méjì, kọ̀ǹpútà ló sì fi àmì sí ibi mẹ́fà tàbí méje lórí rẹ̀ tó pè é ní gíà. Ó ṣì wúlò fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Yíyí i gan-an

Kò dìgbà tí ẹ bá dúró kí ẹ tó bọ́ sí M láti D. Ẹ kò nílò bíréèkì, ẹ kò sì nílò kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Ẹ kàn rọ ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gíà bí ẹ ṣe ń ṣe é, torí bọ́tìnì yẹn ló ń ṣí ọ̀nà R àti P. Ẹni tó ti fi ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn á fẹ́ wá kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì ló sì máa bá.

Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, gíà kan. Ẹ dúró kí nọ́ńbà yí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì; àwọn gíábọ́ọ̀sì kan máa ń fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ falẹ̀. Aago RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ni ẹ máa fi ojú sí. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù, ẹ lè gbé gíà sókè láàárín 2,000 sí 3,000 ní ìrìn pẹ̀lẹ́, 3,000 sí 4,000 tí ẹrù bá wúwo tàbí tí ẹ ń gun òkè. Fún dísẹ́ẹ̀lì, 1,500 sí 2,500 ti tó. Tí aago bá wà ní 1,200 tí ẹ sì tẹ epo mọ́lẹ̀ nínú gíà gíga, ẹ máa gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n tó ń kérora. Ẹ sọ gíà kalẹ̀ kíákíá, torí ìnira yẹn ń lọ tààrà sórí písítọ̀n àti béárìn.

Kí ẹ tó sọ gíà kalẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí aago máa fò sí. Gíà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí ọ̀pá tó jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ní gíà kẹrin jẹ́ 1.0, ìkẹta 1.5, ìkejì 2.5. Ọkọ̀ ń sá 60 km/h ní gíà kẹrin, aago wà ní 2,000. Tí ẹ bá bọ́ sí ìkẹta, aago á fò sí 3,000, ìyẹn kò burú. Tí ẹ bá fò ó sí ìkejì lójú eré kan náà, 5,000 ló máa dé: ọkọ̀ á ta gbọ̀ngbọ̀n, ẹ́ńjìnnì á hu. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí eré sì ń dínkù láàárín.

Kọ̀ǹpútà kò fi gbogbo àṣẹ lé yín lọ́wọ́. Tí gíà tí ẹ bèèrè bá máa ti aago RPM wọnú ibi pupa, níbi tí eré ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù, kò ní gbà. Á ké píì tàbí kí nọ́ńbà máa ṣẹ́jú. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ẹ fi bíréèkì dín eré kù, kí ẹ tún un tẹ̀. Ní ti gbígbé gíà sókè pẹ̀lú, àwọn ọkọ̀ kan máa ń gbé gíà sókè fúnra wọn tí aago bá kan pupa, àwọn mìíràn á dúró síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì á máa gé epo tó ń ta kọ́ún kọ́ún. Ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó gbìyànjú láti ya ọkọ̀ ńlá kọjá.

Sísọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ibí yìí gan-an ni M ti ń gba ẹ̀mí là. Bíréèkì ń sọ eré ọkọ̀ di ooru ni. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, páàdì á gbóná débi pé kò ní lè di dísìkì mú dáadáa mọ́. Tí ooru náà bá dé ọ̀dọ̀ òróró bíréèkì, pàápàá èyí tí wọn kò pààrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fa omi mu, omi inú rẹ̀ á hó di atẹ́gùn. Pẹ́dáàlì á wá rọ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró.

Nínú gíà kékeré, ẹ́ńjìnnì ló ń di ọkọ̀ mú, kò sì sun epo láti ṣe é. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tí aago RPM ṣì ga, kọ̀ǹpútà máa ń gé epo pátápátá. Nítorí náà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pé àwọn ń tọ́jú epo ń tan ara wọn jẹ ni. Ní fíríì, ẹ́ńjìnnì ṣì ń jẹ epo díẹ̀ kí ó má baà kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun tó di ọkọ̀ mú àfi bíréèkì.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Kí ẹ tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dín eré kù. Ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń fà yín lọ.
2. Ẹ bọ́ sí M, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìkẹta. Tí kò bá sí M, ẹ fi í sí 3.
3. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ wo aago eré. Tí eré bá dúró lójú kan, gíà yẹn ló tọ́.
4. Tí eré bá ṣì ń pọ̀ sí i, ẹ tẹ bíréèkì títí eré á fi wálẹ̀ ní bí 10 km/h, kí ẹ wá bọ́ sí ìkejì.
5. Tí ẹ bá ṣì nílò bíréèkì, ẹ má gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ lé e lọ títí. Ká ní 50 km/h ni ẹ kò fẹ́ kọjá: nígbà tó bá dé 50, ẹ tẹ bíréèkì gidi títí á fi di 40, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí ó tún gùn padà dé 50. Àárín tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí rẹ̀ ni bíréèkì fi ń tutù.

Aago RPM lè wà ní 3,000 tàbí 4,000 ní gbogbo àkókò yìí. Ariwo náà ló ń dẹ́rù ba èèyàn, kò pa ẹ́ńjìnnì lára níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dé pupa. Ohun tó yẹ kí ẹ rántí ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dín eré yín kù, iná bíréèkì kì í tàn. Ẹ fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè mọ̀.

Òkè, yíya ọkọ̀ kọjá, àti ibi tó ń yọ̀

Tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù tí gíà kò rójú, tó ń bọ́ sí ìkẹrin, tó ń padà sí ìkẹta, tó tún ń lọ sí ìkẹrin, ẹ dì í mọ́ ìkẹta títí ẹ ó fi dé orí òkè. Gbogbo lílọ-bíbọ̀ yẹn ooru ló ń dá sínú òróró gíà. Tí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ kọjá, ẹ sọ gíà kan kalẹ̀ kí ẹ tó yọ jáde, kí ẹ má fi àkókò ṣòfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ronú.

Nínú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, ẹ fi gíà kejì bẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ yín bá gbà á. Agbára tó ń dé táyà á dínkù, kò ní máa gbẹ́ ilẹ̀ kí ó lè rì. Lórí ọ̀nà tí òjò ti rin, ẹ má sọ gíà kalẹ̀ lójijì nínú kọ́nà. Táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí nìkan ni ìfàsẹ́yìn yẹn máa ń bá, ó sì lè yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ lò ó

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn tí òróró gíà ṣì tutù tó ki, ẹ jẹ́ kó rin kìlómítà díẹ̀ ní D ná.

Tí ẹ bá tẹná tí aago RPM fò sókè ṣùgbọ́n tí eré kò tẹ̀lé e, gíà ti ń yọ̀ nìyẹn, M kò sì lè tún un ṣe. Ńṣe ló máa tètè jó ohun tó kù. Ẹ yẹ òróró gíà wò bí ìwé ọkọ̀ yín ṣe là á sílẹ̀, torí àwọn ọkọ̀ kan fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, àwọn kan fẹ́ kí ó kú. Òróró tó ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná ti kọjá lílò. Tí iná O/D OFF tàbí nọ́ńbà gíà bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò tẹ ohunkóhun, kọ̀ǹpútà ti rí àìsàn nínú gíábọ́ọ̀sì. Ẹ fi í sí D, ẹ rìn jẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó lè ka kóòdù, kí ó kà á kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun.