Bí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ṣe lè rí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ nígbà tí ìlú le

Àbúrò mi, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè iṣẹ́ jù. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lè gbé ọ dé ni kí o ti kọ́kọ́ wáṣẹ́. Bí o bá ń gbé Àgbowó, má lọ gbaṣẹ́ ní Challenge.

Kíkọ́ ọmọ nílé wọn ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá nígbà tí WAEC bá ń sún mọ́lé. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì làwọn òbí ń wá.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ ni kí o lọ, kí oníbàárà tó pọ̀. Kí wọn dáadáa: “Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, a wà nísinmi. Ṣé ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín tajà?” Sọ ọjọ́ tí o máa padà síléèwé fún wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Bí ó bá jẹ́ POS, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa san án bí owó bá dín. Má wo alert orí fóònù oníbàárà rárá. Ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì ni kí o tó kówó fún un.

Ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù kó tó fún ọ níṣẹ́, kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o ní kí wọ́n máa sanwó rẹ, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sórí WhatsApp.