Owó tí wọ́n kọ sínú ìpolówó kọ́ ni owó tí mo san

Owó ilé oṣù kan àti owó ìdógò oṣù kan ni mo kó dání nígbà tí iṣẹ́ tuntun gbé mi lọ sí ìlú ńlá, nítorí pé ohun tí mo rí nínú ìpolówó ilé náà nìyẹn. Kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ mi, owó tí ó ti jáde lápò mi ti tó owó ilé oṣù 6, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ra àga kan ṣoṣo. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

N kò ní fi bí mo ṣe wá ilé kiri dá yín dúró. Ilé 7 ni mo wò, ìkẹfà ni mo mú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti san owó ajẹ́ntì, tí í ṣe ìdajì owó ilé oṣù kan, tí ó sì wá bi mí pé, “Ta ni onídùúró yín?” Onídùúró náà gbọ́dọ̀ máa gbé nínú ìlú yẹn, owó oṣù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 3 owó ilé. Ọjọ́ 8 péré ni mo tíì lò níbẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ kò ju àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, n kò sì tíì lè pe orúkọ bàbá ìkankan nínú wọn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó fọwọ́ sí gbèsè tí òun lè jẹ? Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ajẹ́ntì ní bí kò bá sí onídùúró, kí n mú ìwé báǹkì ìlú náà wá pẹ̀lú lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Báǹkì ní àwọn kò lè ṣí àkáǹtì fún ẹni tí kò ní ìwé tó fi ibi tó ń gbé hàn, àti pé ìwé àdéhùn ilé ni àwọn fẹ́ rí. Mo padà sọ́dọ̀ ajẹ́ntì, ó ní ẹni tí kò ní àkáǹtì kò lè rí ìwé àdéhùn gbà. Àfi bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta, tí wọ́n ní kó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá láti inú ilé. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ pẹ̀lú kò bọ́ nínú wàhálà: wọ́n kọ́kọ́ dá a padà nítorí pé kò ní déètì, wọ́n tún dá a padà nítorí pé kò sọ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ gidi tàbí ti ìgbà díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gba ọjọ́ 19, inú yàrá tí mo ń sanwó rẹ̀ lálaalẹ́ ni mo sì wà. Yàrá yẹn nìkan jẹ owó tó tó owó ilé oṣù kan àti ààbọ̀.

Níkẹyìn, mo kọ lẹ́tà sí onílé fúnra mi. Mo so lẹ́tà iṣẹ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé tí onílé mi àtijọ́ kọ pé mo gbé ilé òun fún ọdún 4, n kò sì pẹ́ san owó ilé rí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ajẹ́ntì kò sọ nǹkan kan fún un nípa mi. Lọ́jọ́ kejì, onílé fèsì pé bí mo bá san owó ilé oṣù 2 sí i sílẹ̀, òun kò nílò onídùúró. Orí mi wú, n kò ní parọ́. Owó oṣù 2 náà kò ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde, nígbà tí àpò ti gbẹ.

Bí mo bá tún ṣí lọ síbòmíràn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n ó bi ajẹ́ntì, kí n tó wo ilé rárá, ni pé: èló ni gbogbo owó tí n ó san títí tí n ó fi gba kọ́kọ́rọ́, ta ni ẹ ó sì gbà ní onídùúró? Ìwé onílé àtijọ́ yóò ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò nílé. N ó sì ka òfin ibẹ̀ lórí owó ìdógò, nítorí pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ní Jámánì, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ilé oṣù 3 lọ, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ọ̀sẹ̀ 5 ni òpin fún ọ̀pọ̀ ilé láti ọdún 2019. Lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ síwèé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá èyí tó kàn mí kà.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo ya fọ́tò 43, títí kan ibi tí ọ̀dà ti bó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ owó rẹ̀ nínú owó ìdógò mi. Ajẹ́ntì gba owó tirẹ̀ pé pérépéré. Rìsíìtì owó ìdógò náà ni mo ṣì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.