Mo po ìhá mọ́ kọnkéré, mo sì gbé e sórí iná

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ìyá mi ti ń yan gààrí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá, pẹpẹ kọnkéré tó wà lẹ́nu ààrò wọn bú gbàù nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, èékù rẹ̀ sì fò kọjá létí ọmọ tó ń bá wọn koná. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Bíríkìlà ni mí, èmi ni mo da pẹpẹ ọ̀hún. N kò rí oorun sùn mọ́jú.

Omi ló fà á. Kọnkéré tí ojú rẹ̀ gbẹ ṣì ní omi nínú. Bí ó bá ti gbóná kọjá 100°C, omi yẹn á di ooru, ooru náà á sì máa wá àyè tó fi nǹkan bí ìlọ́po 1,700 ju ti omi lọ. Bí kọnkéré bá ki púpọ̀, tí ooru ò rí ọ̀nà jáde, á ya ọ̀nà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1996, iná jó nínú ihò abẹ́ òkun tó so ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré tó le koko ṣe ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kúrò lára ògiri rẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà ti rí ọgbọ́n kan dá sí i: wọ́n máa ń po òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi polypropylene, irú ike kan, ṣe mọ́ kọnkéré. Òwú yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 165°C, ibi tó bá sì ti yọ́ á di ihò tí ooru máa gbà jáde. Ìwé ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Yúróòpù, Eurocode 2, dárúkọ kílò 2 sí kúbíkì mítà kan fún kọnkéré tó le gan-an. Polypropylene kan náà ni wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, ìyẹn wà nílé wa. Ìhá sì wà níbi tí wọ́n ti ń fún epo, òkìtì òkìtì.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n wò mí títí. “Ìwọ ọmọ yìí, ìhá tí a fi ń ṣe ògùṣọ̀, òun lo fẹ́ kó sínú ààrò pé kí iná má bà á jẹ́?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé á jóná, Màámi. Jíjó tó máa jó gan-an ni mo fẹ́.”

Ìhá ló gba àkókò jù. Epo tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì mọ́ ọn, oje inú rẹ̀ sì ń dá sìmẹ́ńtì dúró kó má tètè le. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí omi fi mọ́, mo sá a fún ọjọ́ méjì, mo tú u ká níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí. Èyí tí mo kọ́kọ́ pò láìfọ̀ kò tíì le lọ́jọ́ kejì, ṣe ni mo dà á nù.

Pẹpẹ mẹ́rin ni mo dà, òró àti ìbú 45 cm, nínípọn 7.5 cm, sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin. Ìkíní kò ní nǹkan kan nínú. Ìkejì gba gíráàmù 30 òwú àpò ìrẹsì tí mo gé ní 2 cm. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, kílò 2 sí kúbíkì mítà náà ni. Ìkẹta gba ìhá, ìkẹrin wáyà tí a fi ń so irin, tí mo gé wẹ́wẹ́. Òwú àti ìhá ni kí ẹ máa fọ́n sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń pò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ṣù jọ. Mo fi omi rin wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ 28.

Èédú ni mo fi dáná, mo sì ń fẹ́ ẹ. N kò ní ohun tí a fi ń wọn ìgbóná, nítorí náà mo fi àfọ́kù ìkòkò alumíníọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Alumíníọ̀mù gidi ń yọ́ ní 660°C, ti ìkòkò tó ní àdàlù lè ṣáájú díẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí, mi ò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan wá síbẹ̀.

Ìkíní ò tíì pẹ́ lórí iná tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàù, pàù. Ojú rẹ̀ ṣí, igun kan ya lọ. Oníwáyà sán káàkiri, ṣùgbọ́n wáyà di àwọn èékù mú, wọn ò fò. Irin kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 1,500°C, kò sì ṣí ọ̀nà kankan fún ooru. Olówùú àpò kò dún rárá. Oníhàá rú èéfín fúngbà díẹ̀, omi ń rin lára rẹ̀ bí òógùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tó tutù, mo rí àwọn ihò dúdú wẹ́wẹ́ níbi tí ìhá ti jó tán. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe ìyá mi.

Ṣùgbọ́n mo fi òòlù kàn wọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Òwú ò lè gba sìmẹ́ńtì sílẹ̀: láàárín 400°C sí 500°C, ohun kan lára sìmẹ́ńtì tó ti le ń túká, á sì ku ẹfun. Ẹfun yẹn á tún máa fa omi látinú afẹ́fẹ́, á wú. Lọ́sẹ̀ kejì, ojú sísán àwọn pẹpẹ náà ti fẹ̀ sí i. Òkúta gíráníìtì wa náà ní quartz, irú èròjà òkúta kan, nínú, ìyẹn sì ń wú lójijì ní 573°C. Fún ìdí èyí, ẹ má torí ìhá gbà pé òpó ilé tí iná ti jó ṣì dára; ìhá á sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì bí ọdún ti ń lọ.

Pẹpẹ tuntun tí mo dà fún ìyá mi, àfọ́kù bíríkì sísun ni mo fi rọ́pò òkúta, torí iná ti kọ́kọ́ jó bíríkì. Mo po ìhá àti òwú àpò mọ́ ọn. Mo jẹ́ kó gbẹ fún oṣù kan àtààbọ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé igi méjì péré ni kí wọ́n fi dáná fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí omi lè jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé agbada kaná, èmi ni mo jókòó síbi tí ọmọ yẹn máa ń jókòó sí, mo bá wọn koná títí gààrí fi yan tán.