Bí Mo Ṣe Kó Èrò 96 Lọ Wo Adágún Ìyake

Inú ń bí àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó pè mí láti Màléṣíà, níbi tó ti ń kàwé. Ó lo ìsinmi rẹ̀ láti lọ sí Semporna, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Sabah, kó lè ti ibẹ̀ lọ wọ abẹ́ omi ní erékùṣù Sipadan. Ó ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, ó ti sanwó ilé ìtura. Ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé ìwé àṣẹ ọjọ́ tó fẹ́ lọ ti tán.

"Àǹtí mi, òkun ni mo ní mo fẹ́ wọ̀ o, kì í ṣe mọ́tò. Ṣé òkun náà máa ń kún fún èrò ni?"

Mo bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, oorun ò kùn mí mọ́. Kò tíì pé oṣù kan tí mo kó èrò bọ̀ láti Òkè Adó, òkè tí adágún Ìyake wà lórí rẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò sì tíì kúrò lójú mi.

Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ẹgbẹ́, ìjọ àti iléèwé ṣètò ìrìnàjò. Ibi tí wọ́n ń béèrè jù lọ́wọ́ mi ni Ìyake, adágún tó jókòó sórí àpáta ní Adó-Àwáyè, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn. Àtẹ̀gùn 369 lèèyàn máa gùn. Láyé àtijọ́, ọ̀nà burúkú ló ń dá àlejò dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ní ọdún 2021, tí ti Ọ̀yọ́ sí Ìṣẹ́yìn sì tẹ̀ lé e, ẹni tó bá jáde n'Ìbàdàn láàárọ̀ lè gun òkè náà kó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Inú mi dùn sí àwọn títì yẹn, àwọn ló jẹ́ kí iṣẹ́ mi rọ́wọ́ mú. Àwọn náà ló jẹ́ kí n lè kó èèyàn 87 gun òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èèyàn 87 yẹn gbé sípíkà dání. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń fò káàkiri orí àpáta bí ẹyẹ lékeléke. Ẹnì kan mú ọ̀dà funfun jáde nínú báàgì, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn ihò tó rí bí ipa ẹsẹ̀ èèyàn lára àpáta. Kí n tó débẹ̀, ọ̀dà ti gbẹ. Ohun tó dùn mí jù ni ti obìnrin kan tó wá gbààwẹ̀ lórí òkè, nítorí òkè àdúrà ni Òkè Adó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ òjìji àpáta kan. Nígbà tí sípíkà wa bú sókè, ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. Kò bá wa jà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó ti mọ̀ pé èmi ni mo kó wọn wá, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ Sipadan. Erékùṣù kékeré gbáà ni, bíi hẹ́kítà 12 péré, ṣùgbọ́n òun ni ṣóńṣó òkè kan tó ga tó 600 mítà láti ìsàlẹ̀ òkun. Nígbà kan, ilé ìtura wà lórí rẹ̀. Ìjọba Màléṣíà ní kí gbogbo wọn kó kúrò. Nígbà tí ọdún 2004 máa fi parí, wọ́n ti kó. Wọ́n wá fi iye sí àwọn tó lè dé ibẹ̀: èèyàn 120 lójúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, orí ilẹ̀ tàbí erékùṣù mìíràn ló máa sùn.

Ohun tí wọ́n ń dáàbò bò níbẹ̀ ni iyùn. Àwa mọ iyùn lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, ṣùgbọ́n nínú òkun, ẹ̀dá abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń kọ́ ọ bí ikán ṣe ń mọ òkìtì. Àwọn irú rẹ̀ tó ṣù bí àpáta kì í sábà fi ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ ga lọ́dún. Bí ẹsẹ̀ òmùwẹ̀ kan bá kan èyí tó ga tó èèyàn, iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lè fọ́. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa Sipadan ni pé ìpalára ńlá tó dé bá a ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, kì í ṣe òmùwẹ̀ ló fà á. Ọkọ̀ ẹrù tó kó yanrìn, òkúta àti irin wá fún ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ló gorí iyùn, tó sì run ún. Láti ìgbà tí mo ti kà á, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí Òkè Adó kí àlejò lè gbádùn, mo máa ń sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ìsàlẹ̀ òkè ni ibùsùn àlejò. Ìlú ló wà nísàlẹ̀, kí owó náà wà níbẹ̀.

Bonaire ni mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, erékùṣù kan ní òkun Caribbean tó ti ń fi òfin ṣọ́ omi rẹ̀ láti 1979. Ọkọ̀ ojú omi kò gbọ́dọ̀ ju ìdákọ̀ró sí orí iyùn. Okùn ti wà tí wọ́n so mọ́lẹ̀ síbi tí kò léwu, ibẹ̀ ni kí o so ọkọ̀ rẹ mọ́. Òmùwẹ̀ máa sanwó, ó máa gbọ́ àlàyé, ó sì máa kọ́kọ́ wọ omi lẹ́ẹ̀kan níbi tó sún mọ́ tòsí kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ síbi tó wù ú. Wọ́n tún ní kò gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ìbọ̀wọ́ kò ní bẹ̀rù àtidi nǹkan mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lófo máa ń ṣọ́ra. Mo ronú sí ìyẹn gan-an, nítorí sípíkà àti ọ̀dà ni ìbọ̀wọ́ tiwa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan pè mí. Wọ́n jẹ́ 110. Wọ́n fẹ́ gun òkè lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n gbé kúlà àti DJ dání, kí wọ́n ya fọ́tò létí adágún nínú aṣọ ẹgbẹ́. Mo ní kí alága wọn fún mi lọ́sẹ̀ kan.

Mo mú ọjọ́ Túsìdé, mo lọ bá bàbá kan tó ń mú àlejò gun òkè náà. A gun ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí a dé Ìyake, bàbá ní kí n má sọ nǹkan kan. A jókòó. Omi náà kò mì. Afẹ́fẹ́ ń gba orí koríko etí rẹ̀ kọjá, ẹyẹ kan ń ké níbi tí a ò ti rí i. Àwọn àgbà ìlú ní kò sẹ́ni tó mọ bí adágún náà ṣe jìn tó, pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Mo bi bàbá pé èèyàn mélòó ló lè dúró síbi tí a wà yìí láì tẹ koríko etí omi mọ́lẹ̀. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí àpáta ti gbẹ, ó ń ka ìṣísẹ̀. "Bí ó bá ti ju ogún lọ, èyí tó kù á bọ́ sórí koríko. Tí koríko bá sì kú, òjò á gbẹ́ ilẹ̀ etí omi." Ibẹ̀ ni mo ti rí iye tèmi: 20 ní ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta àmàlà nísàlẹ̀. Mo rò pé yóò dùn mọ́ ọn bí mo ṣe ní mo fẹ́ dín èrò kù. Kò dùn mọ́ ọn rárá.

"Ẹ dín kí ni kù? Ẹ máa kó wọn wá o jàre!"

Mo bi í pé ẹni mélòó nínú àwọn 87 ọjọ́sí ló jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ẹnì kan ra omi. Gbogbo wọn ti di oúnjẹ wá láti ilé, wọ́n jẹ ẹ́ lórí òkè, wọ́n fi ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n lọ. A jọ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí ogún bá jẹun lọ́dọ̀ mi, ó sàn ju ọgọ́rùn-ún tó ń wo ìkòkò mi kọjá lọ."

Mo kọ ètò tuntun. Èrò á gùn ní ọ̀wọ́ ogún-ogún, fún ọjọ́ méjì. Bí ọ̀wọ́ kan bá wà lórí òkè, àwọn tó kù á wà ní Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òkè, tàbí kí wọ́n máa jẹun nísàlẹ̀. Kò sí kúlà, kò sí sípíkà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á ní amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú, owó rẹ̀ á sì wà nínú owó tí wọ́n máa san.

Alága bínú. "Àǹtí, ẹ fẹ́ pín ẹgbẹ́ mi yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ibo la ti máa ya fọ́tò gbogbo wa?" Mo ní níwájú òfì àwọn ahunṣọ ni, pẹ̀lú àwọ̀ oríṣiríṣi lẹ́yìn wọn. Ó ní ta ló ń ka èèyàn kó tó gun òkè. Mo sọ fún un nípa adágún orí àpáta tó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ìkejì Ìyake. Láti ọdún 2019, èèyàn 615 péré ni wọ́n fàyè gbà níbẹ̀ lójúmọ́, ẹni tí kò bá gba àyè sílẹ̀ kò ní gùn ún, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú omi náà. Ó dákẹ́, ó ní òun á bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ọ́. Owó ti lọ sókè nítorí ọjọ́ kejì, ẹni 14 sì yọ ara wọn. Mi ò bẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé lára wọn, owó ni kò sí, kì í ṣe pé òfin ló bí wọn nínú. Ibẹ̀ ni ètò mi ti kù díẹ̀ káàtó, mi ò tíì rí ọ̀nà àbáyọ rẹ̀. Ó ku 96.

Lọ́jọ́ Fráídè, mo mú àṣà Bonaire lò. A gun bíi ogójì àtẹ̀gùn, a dúró. Ibẹ̀ ni bàbá ti wo bàtà àwọn èèyàn, tó gbọ́ bí oníkálukú ṣe ń mí, tó sì ṣàlàyé ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Obìnrin méjì padà sísàlẹ̀ níbẹ̀ nítorí orúnkún. Nínú báàgì arákùnrin kan, a bá sípíkà kékeré tó fi táwẹ̀lì wé. Ó fi lé wa lọ́wọ́ láì janpata.

Ọ̀wọ́ kìíní gùn, ó sọ̀. Bí ọ̀wọ́ kejì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òjò dé. Àtẹ̀gùn di yọ̀tọ̀yọ̀tọ̀, arábìnrin kan ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Mo dá ọ̀wọ́ kẹta dúró. Alága ní wọ́n ti sanwó, pé òjò á dá láìpẹ́. Mo ní kí wọ́n gùn ún láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bá mi jà níwájú gbogbo èèyàn, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Àwọn ọ̀wọ́ yẹn gan-an ló wá rí ìkùukùu tó ń ká kúrò lójú Ìyake láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún, ó ní òun ò mọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ọ̀sán Sátidé. Bọ́ọ̀sì méjì dé láti ibòmíràn, èèyàn tó lé ní ọgọ́ta já sílẹ̀, ìlù ń dún kó tó di pé wọ́n fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. Ọ̀wọ́ tèmi tó gbẹ̀yìn wà lókè. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wojú mi. Kí ni mo lè ṣe? Mi ò ní àṣẹ kankan lórí àwọn yẹn. Iye tí mo fi síbẹ̀, orí èrò tèmi nìkan ló mọ. Sipadan kò fi í sọ́wọ́ àwọn tó ń kó èrò; ẹni tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ló ń ka èèyàn.

Èmi àti bàbá lọ bá àwọn àgbà tó ń bójú tó òkè náà. A lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Mo sọ fún wọn ohun tí ìyá alámàlà sọ, mo ní kí wọ́n pè é. Ó wá, ó sì tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Wọ́n ní ká gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìwé ńlá aláwọ̀ pupa kan ni mo rà ní ọjà Akẹ̀sán, bàbá ló fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, iye èèyàn, orúkọ amọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kó èrò wá, kó kọ́kọ́ pè.

Lóṣù tó kọjá, ìjọ kan n'Ílorà ní kí n mú àwọn lọ sí Òkè Adó lọ́jọ́ Sátidé. Mo pe bàbá. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí ìwé.

"Àǹtí, Sátidé yẹn ti kún."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni o."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ó ti kún. Ṣé kí n kọ Tọ́sìdé fún yín?"

Mo ní kó kọ ọ́, mo sì pe àwọn ará Ìlorà padà.